Ojú Ìwé Tí Ó Lẹ̀ Pọ̀

Òjò bá wa lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí a kó kúrò ní Ìkòròdú. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbà ní Agric, àdúgbò wa níbẹ̀, kò ní tapólì tí ó gbòòrò tó, nítorí náà a fi èyí tí ó wà bo bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ ìránṣọ, a fi àwọn páálí sílẹ̀ ní ìta. Kí a tó dé ìletò tí a ń lọ, tí ó wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, omi ti wọ inú páálí ìwé àwọn ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sá àwọn ìwé náà sí ojú fèrèsé. Púpọ̀ nínú wọn gbẹ, àwọn kan gbẹ mọ́ ara wọn. Ó pẹ́ tí mo fi ń di ẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ru òjò yìí. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Òjò kò ṣe ju pé ó jẹ́ kí n rí ohun tí ó yẹ kí n ti rí tipẹ́.

Mo ti parí yunifásítì nígbà náà, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Kẹ́mísírì ni mo kọ́. N kò tíì rí iṣẹ́, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà ní Agric. Àwọn méjèèjì ti ń kọ́ ilé kan díẹ̀díẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n rà ní ìletò náà. Nígbà tí onílé wa sọ pé òun fẹ́ lo ilé òun, wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n ní dípò kí àwọn tún máa wá ilé kiri, àwọn á kúkú wọ tiwọn bó ṣe wà. Bó ṣe wà náà ni pé wọn kò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀, pákó ni ó wà lójú fèrèsé mẹ́ta, ilé ìdáná kò sì ní ilẹ̀kùn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìgbògbò ni ó ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì máa ń wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ó ti ń ránṣọ; àárọ̀ ni ó ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń dé. Èmi ni ó kù sílé pẹ̀lú ọmọ wọn méjì: obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méje, àti ọkùnrin tí kò tíì pé márùn-ún.

Afẹ́fẹ́ ti ká òrùlé ilé ìwé ìletò náà kí a tó dé. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìletò kejì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá títì kan kọjá, níbi tí àwọn típà tí ń kó iyanrìn ti máa ń sáré. Ẹ̀gbọ́n mi dúró létí títì yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ka típà mẹ́rin, ó sì yí padà wálé.

"Àwọn ọmọ tèmi ò ní dá títì yẹn kọjá," ó wí fún mi. "Ìwọ náà ṣáà wà nílé. Máa kọ́ wọn títí sáà tuntun á fi bẹ̀rẹ̀, ká wá mú wọn lọ sí ilé ìwé gidi kan nínú Ẹ̀pẹ́."

"Sístà, mi ò kọ́ iṣẹ́ tíṣà o."

"Ìwọ tí o ń po oríṣiríṣi omi pọ̀ nínú ìgò ní yunifásítì. Ṣé a bí dí ló wá fẹ́ le fún ọ?"

Ohun kan ni ó bẹ̀ mí. Ọmọbìnrin náà wà ní Pírámárì Kejì ní Ìkòròdú nígbà tí a kó, ẹ̀gbọ́n mi kò sì fẹ́ kí kíkó tí a kó mú un padà sẹ́yìn. Pírámárì Kẹta ni ó gbọ́dọ̀ wọ̀. "Kí ọmọ mi má ṣá ti pàdánù kíláàsì," ó wí. Mo sọ pé kò ní pàdánù. Nísinsìnyí, n kò lè sọ ẹ̀rí tí mo rí kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Pálọ̀ ni a fi ṣe kíláàsì. Àpò sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù wà ní ìgun kan, àwọn ọmọ sì jókòó lé búlọ́ọ̀kù tí a tẹ́ aṣọ lé. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí káfíńtà ti kàn tán, tí kò tíì gbé kọ́, ni mo gbé ti ògiri, tí mo ń fi ẹfun kọ̀wé sí. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe kọ́ wọn. Mo á ka ìlà kan, wọ́n á tẹ̀lé mi. Mo á kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á tún tẹ̀lé mi. Bí a bá ti ka ojú ìwé kan bẹ́ẹ̀ nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, mo á ní kí ọmọbìnrin náà dá a kà. Ó máa ń kà á láìkọsẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì pẹlẹbẹ kan ni, tí ó sọ nípa ọmọ kan tí ó bá ìyá rẹ̀ lọ ra ẹja lọ́jà, tí òjò sì ká wọn mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni a ní: mo ń ka ọ̀kan, òun mú èkejì lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti ka ìdajì rẹ̀. Ọmọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá sọ lónìí, ó ti gbàgbé lọ́la, a sì ní láti padà sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pé ọmọbìnrin ń yára, ọmọkùnrin ń lọ́ra.

Ìyá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí ó máa ń yan gàrí. Ohùn wa máa ń gba ojú fèrèsé lọ bá a. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ bu omi, ó pè mí.

"Tíṣà, ẹ rọra o. Ìwé yín ti wọ inú gàrí mi."

"Ẹ má bínú, mà. A máa dín ariwo kù."

"Ta ló sọ pé mò ń bínú? Ẹ ò ní fún mi ní sátífíkéètì ni?" Ó gbé igbá tí ó fi ń yan gàrí sókè, ó sì ka ojú ìwé kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn mi, àní bí mo ṣe máa ń dánu dúró kí n tó ṣí ojú ìwé tó kàn. Obìnrin tí ó jókòó tì í rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá yìí kò mọ̀wé rárá, fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì fojú kan ìwé wa rí. Ó ka ìwé tí kò rí. Mo pọn omi mi, mo lọ sílé, n kò fi ọ̀rọ̀ náà wé ohunkóhun.

Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó pè mí ní Tíṣà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ìletò ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀, kò tíì sí orúkọ iṣẹ́ kankan tí wọ́n fi pè mí.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn ọmọ máa ń lọ sí ilé kéwú. Ìdílé Mùsùlùmí ni wá, ọmọbìnrin náà sì ni ó máa ń ṣíwájú nílé kéwú rẹ̀ ní Ìkòròdú; bí wọ́n bá ka nǹkan létí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti há a nìyẹn. Ààfáà ìletò jẹ́ àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Abẹ́ àtíbàbà ni ó ti ń kọ́ wọn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wàláà, òun sì ní igi tín-ín-rín kan tí ó fi ń tọ́ka sí lẹ́tà. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ mú àwọn ọmọ, ó ní kí n dúró.

"Tíṣà, orí ọmọ yín yìí pé o."

"A dúpẹ́, sà."

"Ohun tí mo bá sọ lẹ́ẹ̀kan, kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, bí mo bá na igi sí àárín wàláà, tí mi ò bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó máa ń dákẹ́. Bí mo bá tọ́ka láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó máa ń dákẹ́. Etí ló fi ń kàwé. Ojú rẹ̀ ò tíì sí níbẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

"Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ tiyín náà."

Mo tún sọ pé mo gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ní kéwú ni kéwú, ìwé ni ìwé, ọmọ tí ó ń ka ojú ìwé mẹ́wàá kò ní ìṣòro ojú. Mo máa ń rò pé mo jẹ́ ẹni tí ń wọn ọ̀rọ̀ kí ó tó gbà á. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ ni mo wọ̀n, n kò wọn ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì ni ó sọ ọ́ fún mi, mo rò pé ǹ bá ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kejì wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ilé wa. Etí títì ni a ti ń rí i, níbi tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù ẹnìkan sí. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ti ń dá ẹ̀kọ́ dúró ní aago mọ́kànlá. Mo á sọ fún ọmọbìnrin náà pé, "Ka ìwé fún àbúrò ẹ, mò ń bọ̀," mo á ní kí ìyá tó ń yan gàrí bá mi fojú sí wọn lára, mo á sì lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù náà láti máa fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́. Wákàtí méjì, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá bi mí ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń sọ pé àwọn ọmọ wà nídìí ìwé títí di aago kan. Mo ti yẹ gbólóhùn yìí wò dáadáa. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń yan ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kó fi hàn mí pé nǹkan wà níbẹ̀.

Bí mo bá ń bọ̀, ọmọkùnrin náà ni yóò kọ́kọ́ pàdé mi lójú ọ̀nà, ìwé lọ́wọ́, ìka lórí ọ̀rọ̀ kan.

"Àǹtí, kí lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ò sọ fún ẹ ni?"

"Ó ní kí n má dí òun lọ́wọ́."

Mo á kúnlẹ̀ tì í, a ó sì pe lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi jáde. Lójoojúmọ́ ni. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò ní sùúrù.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni àkókò tí gbogbo wa máa ń retí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ń pè ní Bọ̀dá, yóò dé pẹ̀lú búrẹ́dì láti Benson ní Ìkòròdú, yóò wẹ̀, yóò jẹun, yóò sì jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí ó ní ìfẹ̀yìntì nílé náà.

"Ó yá, ọ̀gá mi. Ka tọ̀sẹ̀ yìí fún mi."

Ọmọ náà yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò kàwé, Bọ̀dá yóò sì máa fi fóònù ká a sílẹ̀. Ó máa ń fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àti sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Mo ní ilé la ti ń kọ́ ọ, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa," ó wí fún mi. "Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o máa ń kọ́ àgbàlagbà náà."

Ó yẹ kí n sọ bí inú mi ṣe ń dùn tó. Ó ń dùn gan-an.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yìí, a ti ka ìwé náà tán. Ó ní kí ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo dúró lẹ́yìn ọmọ náà, mo ń wo ìwé láti orí èjìká rẹ̀. Nígbà tí ó ka ojú ìwé kẹsàn-án tán, ó ṣí i, ewé méjì sì ṣí papọ̀, nítorí pé òjò ọjọ́ tí a kó ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn nínú ẹ̀dà tirẹ̀ yìí, tí n kò ṣí wò rí. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni àwòrán òjò: àwọn ènìyàn fi agbọ̀n borí, wọ́n ń sá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà ń kà ni ìyá tí ó ń ṣa ẹja nínú abọ́, tí ẹlẹ́ja sì ń bá a ṣàwàdà. Ojú ìwé kẹwàá ni ìyẹn. Ojú ìwé kẹwàá wà nínú ibi tí ó lẹ̀ pọ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé.

Mo dúró kí ó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó ṣí ojú ìwé lọ, ohùn rẹ̀ dán, ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé ìlà láti òsì sí ọ̀tún bí mo ṣe kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn àwòrán ní ojú ìwé méjì gbáko. Nígbà tí ìwé tán, ọ̀rọ̀ ṣẹ́kù. Ó pa ìwé dé, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì ka ojú ìwé méjì tó gbẹ̀yìn tán pẹ̀lú ìwé tí a ti pa dé.

Bọ̀dá pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó," ó wí, "kò tilẹ̀ wo ìwé mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Mo jókòó lẹ́yìn ilé lẹ́yìn náà, mo ń tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti mọ ìwé náà dunjú nítorí pé ó ti kà á púpọ̀. Èmi náà lè sọ àwọn nǹkan tí mo ti kà rí láìwò ó. Ó lè jẹ́ pé ojú tì í láti dúró níwájú bàbá rẹ̀. Tàbí kò mọ ìwé kà rárá. Ohun tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ kò le: kí n kọ ọ̀rọ̀ kan sójú ilẹ̀kùn, kí n má sọ ọ́, kí n ní kí ó pè é. Ní láàbù wa, wọn kì í ka àyẹ̀wò tí a kò ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí. Èmi kò fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ọ̀bẹ, mo fi ẹnu rẹ̀ ya ojú ìwé méjèèjì náà sọ́tọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwé ni mo tún ṣe. N kò ṣe nǹkankan nípa ọmọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbìyànjú. Mo rán ọmọkùnrin lọ síta, mo kọ ọ̀rọ̀ kan láti àárín ìwé náà sí ojú ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹja, tí ó ti pè níwájú mi tó nígbà ọgọ́rùn-ún.

"Kí ni mo kọ?"

Ó wo ilẹ̀kùn náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí ojú padà, ó ń wo ẹnu mi. Kò wo ojú mi, ẹnu mi ni ó ń wò, ó sì dúró. Mo rí i pé bí ó ṣe máa ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí, n kò kàn kíyè sí i ni. Mo lè ní sùúrù, mo lè sọ pé, "Kò burú, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà." Dípò bẹ́ẹ̀, mo la ẹnu mi, mo sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ ọ́ tẹ̀lé mi kíákíá, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ó káre.

Kí n tó mọ̀, àṣìṣe ni. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn lọ, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì pẹ̀lú rẹ̀ bí a ṣe ṣe àkọ́kọ́, mo ń kà, ó ń tẹ̀lé mi. Mo ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdí. Bí mo bá padà sí orí lẹ́tà, Jímọ̀ yóò dé, Bọ̀dá yóò sì béèrè ìwé tí ó kàn. Ẹ̀gbọ́n mi yóò béèrè ohun tí a ti ń ṣe láti àárọ̀ títí di aago kan. Ìletò yóò gbọ́. Mo sì ń retí iṣẹ́. Tí ó bá jáde kí sáà tuntun tó wọlé, ẹlòmíràn ni yóò rí ohun tí ó wà ńlẹ̀. Ìdí ìkẹyìn yìí ni ó burú jù, òun náà sì ni mo máa ń gbé yẹ̀ wò jù.

Iṣẹ́ kò jáde. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn Jímọ̀ náà, ẹ̀gbọ́n mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lọ aṣọ àwọn ọmọ, a gun ọ̀kadà dé títì, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé tí a lọ bá jẹ́ ìyá àgbà kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀, kí àwọn ọmọ má bàa bẹ̀rù. Ó pe ọmọbìnrin náà sọ́dọ̀, ó sì ṣí ìwé kan tí kò rí rí níwájú rẹ̀. Àwòrán ọkùnrin kan tí ó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́bàá ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀.

Ọmọ náà wo àwòrán, ó sì sọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó já geere pé ọkùnrin kan ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí ní ẹsẹ̀ lábẹ́ àga, ìdùnnú ni. Ọ̀gá wá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo àwòrán náà.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí, màámi. Ka ìlà kan péré."

Ọmọ náà yí ọrùn, ó wo ẹnu mi.

"Má wo Àǹtí. Ìwé ni kí o wò."

Ó wo ìwé. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ níta. Ọ̀gá dúró fún un, ó dúró dáadáa, ju bí mo ti dúró fún un rí lọ. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ta ló ń kọ́ ọ nílé?"

"Àǹtí wa ni."

"Wọn ò kọ́ ọ ní irú èyí ni?"

"Wọ́n kọ́ mi, mà," ó wí. "Èmi ni mo gbàgbé."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Àkókò náà ni ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, mo sì sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ̀rù ló ń bà á, mà."

Ọmọkùnrin ni ó kàn. Ó fi ìka rẹ̀ sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń mí sókè mí sódò, ó sì pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta jáde. Ọ̀gá ní Pírámárì Kìíní fún un. Ó ní kí ọmọbìnrin náà bá a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ pé, yóò tètè gòkè. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìkẹ́. Bí a ṣe ń jáde, ọmọ náà yọ ọwọ́ kúrò ní ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí.

"Ìwọ tí o ń ka odindi ìwé fún bàbá ẹ. Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Tàbí o ò fẹ́ ilé ìwé yẹn?"

Èmi ni mo jókòó sí àárín wọn.

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé àkọ́kọ́ fún un, ó ní kí ó kúnlẹ̀ sí pálọ̀, kí ó gbé ìwé náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ó rántí ohun tí ó gbàgbé. Mo bọ́ sí ilé ìdáná, mo gbé ọbẹ̀ kaná. Mo ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ó péye: ohun tí mo mọ̀, ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, ohun tí kò dá mi lójú. Mo tò ó, mo tún un tò. Nígbà tí ọbẹ̀ ń hó, mo yọjú, mo rí i pé ọmọ náà ti fi orí gbé ìwé náà dúró kí ó má bàa já bọ́.

"Sístà, ẹ jẹ́ kí ó dìde. Kò gbàgbé nǹkankan. Kò mọ̀ ọ́n kà rí. Ó há a sórí ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo rí i. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ó pa ìwé dé."

Ó ń ṣírò rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. "Láti ìgbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e dìde, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"O wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa," ó wí fún mi. "O jókòó ti ọmọ yìí."

Ní Jímọ̀, èmi fúnra mi ni mo sọ fún Bọ̀dá. Ó gbọ́ mi tán, ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wò ó, ó sì tún fi í sápò láìtẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọmọ náà ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tí mo bù fún un, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀. Àfìgbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, tí a jọ wà nídìí kànga, tí mo ń fa omi, tí ó di etí garawa mú.

"Àǹtí, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti mọ̀?"

"Òótọ́ ni. Mo ti mọ̀."

"Lọ́jọ́ tí ẹ kọ ẹja sára ilẹ̀kùn, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Ó ń wo omi. "Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ni," ó wí. "Mo rò pé mò ń tàn yín. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run tí mo bá kírun tán, pé kí ẹ má mọ̀."

Mo ti rò pé ohun tí mo fi pa mọ́ ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́. N kò rò ó pé òun náà ń fi nǹkan pa mọ́, pé ọmọ ọdún méje kan ń gbé e káàkiri ilé yẹn fún ọ̀sẹ̀ méje, àti pé gbólóhùn kan láti ẹnu mi ì bá ti gbé e kúrò lórí rẹ̀. Mo sọ fún un pé kì í ṣe òun ni ó ṣẹ̀. Mo ní kí ó máa bínú sí mi bí ó bá fẹ́. Mo ní bí ó bá gbà, a lè tún bẹ̀rẹ̀, láti orí lẹ́tà, láìsáré.

Ó rò ó. Ó rò ó gan-an, bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kán lójú.

"Mọ́mì ni mo fẹ́ kó máa kọ́ mi," ó wí. "Ní ṣọ́ọ̀bù, tí a bá ti jáde ilé ìwé. Ẹ̀yin, ẹ máa kọ́ àbúrò mi."

Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo da omi sínú garawa rẹ̀ dé ìdajì, ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó gbé e, ó sì ń lọ sílé, kò dúró dè mí.